Ìrìn Àyípo Ọjọ́ Kan sí Orí Òkè Lafayette: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Níbo ni Òkè Lafayette wà?

Ó wà ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, láàárín àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní White Mountains. Gíga rẹ̀ láti ìtẹ́jú òkun jẹ́ 1,600 mítà. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ láti Boston yóò lo bíi wákàtí méjì sí méjì àtààbọ̀ lójú títì I-93 kó tó dé ẹsẹ̀ òkè náà.

Orúkọ ọ̀gágun ilẹ̀ Faransé tó ran àwọn ará Amẹ́ríkà lọ́wọ́ nígbà ogun òmìnira wọn ni wọ́n fi sọ òkè yìí. Ó padà wá bẹ̀ wọ́n wò ní 1824, ó sì wà níbẹ̀ wọ inú 1825. Ní òdìkejì títì ni Òkè Cannon wà, níbi tí àpáta kan tó dà bí ojú àgbà ọkùnrin wà tẹ́lẹ̀. Àpáta náà wó lulẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún, 2003, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú wá a kiri, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ ṣì wà lára àmì ìpínlẹ̀ náà títí di òní.

Kí ni a ń pè ní ìrìn àyípo, ibo ni ó sì gbà?

Ìrìn àyípo ni èyí tí èèyàn kì í gba ọ̀nà tó fi gòkè sọ̀ kalẹ̀, síbẹ̀ tí yóò parí sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó gba ọ̀nà ẹsẹ̀ tó ń jẹ́ Falling Waters Trail gun orí Òkè Little Haystack, ẹ ó sì tọ ẹ̀yìn òkè, ìyẹn ibi tóóró tó so orí òkè mẹ́ta pọ̀ tí ilẹ̀ sì dà lọ́tùn-ún àti lósì, kọjá lórí Òkè Lincoln tó ga ní 1,551 mítà, títí ẹ ó fi dé Lafayette. Láti ibẹ̀ ẹ ó gba Greenleaf Trail sọ̀ dé ilé ìsinmi tó ń jẹ́ Greenleaf Hut, kí ẹ tó wá gba Old Bridle Path padà sídìí ọkọ̀ yín.

Báwo ni ọ̀nà náà ṣe jìn tó, wákàtí mélòó ni yóò sì gbà?

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 14.3, ìyẹn máìlì 8.9. Kìlómítà 5.1 ni láti ìdí ọkọ̀ dé orí Little Haystack, ẹ̀yìn òkè jẹ́ 2.7, láti orí Lafayette dé ilé ìsinmi jẹ́ 1.8, Old Bridle Path sì jẹ́ 4.7. Bí a bá ro gbogbo ibi tí a ti ń gòkè pọ̀, ó tó 1,190 mítà.

Ìṣirò tí àwọn tó ń rìn lórí àwọn òkè yìí ń lò ni pé kí a ka ààbọ̀ wákàtí fún máìlì kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi ààbọ̀ wákàtí mìíràn kún un fún gbogbo 300 mítà tí a bá gùn. Èyí fún wa ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀ láìka ìsinmi. Èmi a máa ka wákàtí mẹ́jọ fún ẹgbẹ́ tó bá ju èèyàn mẹ́rin lọ, nítorí pé a ó jẹun, a ó ya fọ́tò, ẹnì kan kò sì ní ṣàì máa dúró tún okùn bàtà rẹ̀ so.

Ṣé òkè tí kò ju 1,600 mítà lọ lè ní ewu tó bí wọ́n ṣe ń sọ?

Ó ní i, nítorí pé gíga nìkan kọ́ ni a fi ń mọ òkè. Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Taraba, òkè tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, lé ní 2,400 mítà, síbẹ̀ yìnyín kì í bo orí rẹ̀. Lafayette kò ga tó o, ṣùgbọ́n apá àríwá ayé ló wà, ojú ọ̀nà ìjì ló sì dúró sí. Bí ẹ bá ti ń sún mọ́ 1,400 mítà, ẹ ó rí i pé àwọn igi tó dà bí igi Kérésìmesì bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, wọn kò ga ju orúnkún lọ mọ́, ẹ̀fúùfù ti tẹ gbogbo wọn sí apá kan. Lẹ́yìn èyí, kò sí igi mọ́ rárá, àfi òkúta, koríko àti àwọn ewéko kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Irú ilẹ̀ òkè tútù tí igi kì í hù yìí ni wọ́n ń pè ní alpine, òun sì ni ẹ ó máa rìn lórí rẹ̀ fún odindi kìlómítà 2.7 láìsí ohunkóhun tó lè ṣíji bò yín.

Ooru ojú ọjọ́ a máa dín kù ní nǹkan bíi 6.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún gbogbo 1,000 mítà tí a bá gùn, nítorí náà orí òkè yìí a máa tutù ju ìdí ọkọ̀ yín lọ ní ìwọ̀n bíi méje, kí a tó wá ka ti ẹ̀fúùfù mọ́ ọn. Lórí Òkè Washington, tí ẹ lè rí ní ìlà-oòrùn bí ojú ọ̀run bá mọ́, wọ́n wọn ẹ̀fúùfù tó ń sáré ní kìlómítà 372 láàárín wákàtí kan ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, 1934. Ìyẹn kì í ṣe ti ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni òun àti èyí tó ń fẹ́ lórí Lafayette.

Ṣé ẹni tí kò gun òkè rí lè ṣe é?

Bí ara rẹ̀ bá dá ṣáṣá, ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n n kò ní gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fi ṣe àkọ́kọ́. Ẹni tó ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè rí kò gbọdọ̀ rò pé òun ti mọ bí ó ṣe rí, nítorí pé kò sí àtẹ̀gùn sìmẹ́ǹtì kankan níhìn-ín. Òkúta wúruwùru, gbòǹgbò igi àti àpáta tó ń yọ̀ ni ẹsẹ̀ yóò máa tẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọwọ́ náà yóò sì ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ lọ gun Òkè Monadnock ní gúúsù ìpínlẹ̀ kan náà. Ó ga ní 965 mítà, ó sì sún mọ́ Boston ju Lafayette lọ. Bí ẹ bá gùn ún tí ẹ sì sọ̀ láìjẹ́ pé orúnkún yín ń gbọ̀n, tí ẹ sì lè lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì láìtiro, ẹ ti ṣe tán fún Lafayette.

Ọ̀nà wo ni kí a gbà gòkè, èwo ni kí a gbà sọ̀?

Ẹ gba Falling Waters Trail gòkè, kí ẹ sì gba Old Bridle Path sọ̀. Odò tí wọ́n ń pè ní Dry Brook, ìyẹn Odò Gbígbẹ, ni Falling Waters Trail ń bá rìn. Ó jọ pé ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, nítorí pé òṣọ̀ọ̀rọ̀ omi mẹ́ta ni ẹ ó bá pàdé níbẹ̀. Stairs Falls ni àkọ́kọ́, Swiftwater Falls tẹ̀ lé e, Cloudland Falls tó ga tó mítà 24 sì ni ó ga jù. Ẹ ó sọdá odò náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lórí àwọn òkúta tí omi ti fọ́n sí. Òkúta tútù ṣeé gùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sọ̀ lórí rẹ̀ nírọ̀lẹ́, nígbà tí itan ti rẹ̀, yóò fi ìdí jókòó níbi tí kò fẹ́. Bí òjò ńlá bá ti rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, odò náà lè kún débi pé kò ní ṣeé sọdá rárá.

Old Bridle Path ní ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tó máa ń gba ibẹ̀ gòkè ti sọ apá kan rẹ̀ ní The Agonies, ìyẹn Àwọn Ìrora. Ṣùgbọ́n ó gbẹ ju èkejì lọ, àwọn àpáta tó wà lójú ọ̀nà sì fún èèyàn láyè láti jókòó wo gbogbo ẹ̀yìn òkè tó ti rìn kọjá.

Ìgbà wo nínú ọdún ló dára jù?

Láti ìparí oṣù Kẹfà títí di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹwàá. Ṣáájú ìgbà yẹn, yìnyín lè ṣì wà lábẹ́ igi lókè, ẹrẹ̀ a máa pọ̀ lójú ọ̀nà, àwọn kòkòrò dúdú kéékèèké tó ń jẹ ènìyàn lọ́rùn a sì máa gbòde láti àárín oṣù Karùn-ún wọ inú oṣù Kẹfà. Ìparí oṣù Kẹsàn-án ni ewé igi máa ń pọ́n tí ó sì ń di òféèfèé, ẹwà rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, ṣùgbọ́n èrò ọjọ́ Sátidé ìgbà náà dà bí èrò ọjà Ọyíngbò. Bí iṣẹ́ bá gbà yín láyè, ẹ lọ ní ọjọ́ Tuesday tàbí Wednesday.

Níbo ni kí a gbé ọkọ̀ sí?

Ibi ìgbọ́kọ̀sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì I-93 gan-an, ní Lafayette Place, nínú ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń jẹ́ Franconia Notch State Park. Ọ̀kan wà ní apá tó ń lọ sí àríwá, òmíràn sì wà ní apá tó ń lọ sí gúúsù. Ọ̀nà abẹ́ títì ló so méjèèjì pọ̀. Lópin ọ̀sẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ìyẹn oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, ibẹ̀ a ti kún kí aago méje àárọ̀ tó lù.

Bí ẹ bá bá a ní kíkún, ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ sí etí títì. Ó lòdì sófin, wọ́n sì lè wọ́ ọkọ̀ náà lọ. Láwọn òpin ọ̀sẹ̀ tí èrò pọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ máa ń ṣètò bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn èèyàn láti ibi ìgbọ́kọ̀sí mìíràn nítòsí wá sí ẹsẹ̀ òkè. Ẹ yẹ ètò ọdún náà wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé.

Irú aṣọ àti bàtà wo ni kí a wọ̀?

Ẹ fi ṣòkòtò jíǹsì àti ẹ̀wù òwú sílé. Bí òógùn bá ti mu òwú, kì í gbẹ mọ́, ó sì máa ń fa ooru kúrò lára ẹni tó wọ̀ ọ́. Aṣọ tí wọ́n fi irun àgùntàn tàbí ọ̀rá tó ń tètè gbẹ ṣe ni kí ó kan ara, kí súẹ́tà tó nípọn wà nínú àpò, kí aṣọ òjò tí ẹ̀fúùfù kò lè gbà kọjá sì wà lórí rẹ̀. Fìlà àti ìbọ̀wọ́ wà lára ẹrù yìí, àní nínú oṣù Keje. Àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí, nítorí pé oòrùn ń ràn níbẹ̀. Lórí Lincoln ni wọ́n ti máa ń béèrè bóyá mo ní ìbọ̀wọ́ méjì.

Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín tó mú ilẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Kánfáàsì pẹlẹbẹ kò yẹ fún iṣẹ́ yìí. Bàtà tuntun kò yẹ pẹ̀lú, àfi bí ẹ bá ti fi rìn fún ọ̀sẹ̀ méjì ládùúgbò.

Oúnjẹ àti omi ńkọ́?

Lítà méjì omi fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta bí oòrùn bá mú. Oúnjẹ tí kò wúwo tí ó sì lágbára ni kí ẹ kó. Ẹ̀pà, kúlíkúlí, ìpékeré àti ṣinṣín dára ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń gun òkè lọ, iyọ̀ inú wọn sì ń dí èyí tí òógùn gbé lọ. Kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù dára níbi ìgbọ́kọ̀sí lẹ́yìn tí ẹ bá ti padà dé. Mo ti rí ẹni tó gbé e dé Swiftwater Falls, kò sì gbé e kọjá ibẹ̀.

Ṣé a lè sinmi tàbí ra oúnjẹ ní Greenleaf Hut?

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá wà ní ṣíṣí, ìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí di àárín oṣù Kẹwàá. Ẹgbẹ́ Appalachian Mountain Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1876, ló ni ilé náà, 1930 ni wọ́n sì ṣí i. Ẹni tó kàn ń kọjá lè wọlé, kí ó pọn omi, kí ó lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ó sì ra ọbẹ̀ gbígbóná tàbí àkàrà òyìnbó bí wọ́n bá ní i. Ẹ̀yìn àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni oúnjẹ tútù fi ń dé orí òkè, nítorí náà ẹ má ṣe ṣàròyé nípa iye owó. Adágún omi kékeré tó wà níwájú ilé náà kì í ṣe omi mímu.

Ẹ rántí pé lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọjá orí Lafayette ni ẹ ó tó dé ibẹ̀ bí ẹ bá gba ọ̀nà tí mo là sílẹ̀. Ẹ kò lè gbẹ́kẹ̀ lé omi rẹ̀ fún ìrìn orí ẹ̀yìn òkè.

Ṣé a lè mú ọmọdé àti ajá dání?

Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ti máa ń rìn jìnnà lè ṣe é pẹ̀lú òbí tó ní sùúrù. Kí a pọn ọmọ ọwọ́ kọjá lórí ẹ̀yìn òkè kò bọ́gbọ́n mu, nítorí pé ẹni tó pọ̀n ọ́n ń ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ ń gbóná, ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò mira, òtútù sì ń mú un. Wọ́n gba ajá láyè, ṣùgbọ́n ẹ fi okùn sí i lọ́rùn láti ibi tí igi bá ti tán.

Èéṣe tí wọ́n fi to òkúta sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà lórí ẹ̀yìn òkè?

Kí ẹsẹ̀ wa má bàa kọjá ibẹ̀ ni. Àwọn ewéko tó wà lókè yẹn jẹ́ irú èyí tó ń hù ní ilẹ̀ àríwá ayé níbi tí yìnyín pọ̀ sí. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní diapensia, tó dà bí tìmùtìmù kékeré, tó sì ń yọ òdòdó funfun nínú oṣù Kẹfà. Ó ń fara da ẹ̀fúùfù àti yìnyín láti ọdún dé ọdún, ṣùgbọ́n bàtà ènìyàn díẹ̀ tó láti pa á.

Òmíràn ni Robbins' cinquefoil, olódòdó aláwọ̀ ìyeyè, tí kò sí níbòmíràn láyé àfi lórí àwọn òkè White Mountains wọ̀nyí. Ó kù díẹ̀ kó run. Wọ́n yí ọ̀nà kúrò lórí rẹ̀ lápá Òkè Washington, wọ́n gbìn ín sórí ẹ̀yìn òkè Franconia yìí náà, nígbà tó sì di 2002 wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú ewu ìparun. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ yàgò fún ẹlòmíràn tàbí kí ẹ jókòó jẹun, orí àpáta lásán ni kí ẹ dúró sí.

Ibo ni èèyàn ti lè ṣìnà?

Ibi mẹ́rin ni. Àkọ́kọ́ kò jìn sí ìdí ọkọ̀, bíi 300 mítà péré, níbi tí ọ̀nà méjèèjì ti pínyà: Falling Waters Trail yà sí ọ̀tún lórí afárá. Ìkejì ni orí Little Haystack, níbi tí ẹ gbọ́dọ̀ yà sí òsì, ìyẹn àríwá. Ẹni tó bá yà sí ọ̀tún ń lọ sí Òkè Liberty nìyẹn.

Ìkẹta ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Láti Little Haystack, àmì ọ̀dà funfun ti Appalachian Trail, ọ̀nà gígùn tó ti Georgia wá dé Maine, ni ẹ ó máa tẹ̀ lé. Nígbà tí ẹ bá dé orí Lafayette, àmì funfun náà ń bá a lọ sí àríwá, sí Garfield Ridge, níbi tí kò sí ọkọ̀ yín tàbí títì kankan nítòsí. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti fi í sílẹ̀, kí ẹ yà sí òsì sórí Greenleaf Trail. Bí kùrukùru bá bolẹ̀, ẹ wá ìpìlẹ̀ òkúta ilé àtijọ́ tó wà lórí òkè náà, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ ka àkọlé ara pátákó ní ohùn òkè kí gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Ìkẹrin ni Greenleaf Hut: Greenleaf Trail kò tán síbẹ̀, ṣùgbọ́n Old Bridle Path ni tiyín.

Máàpù oníwèé àti kọ́ńpáàsì ni kí ẹ kó. Òtútù a máa jẹ bátìrì fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì a sì máa wá, a máa lọ.

Nígbà wo ni ó yẹ kí a padà láìdé orí òkè?

Ibi ìpinnu ni Little Haystack, ìyẹn ni mo ṣe máa ń dá ẹgbẹ́ dúró lábẹ́ àwọn igi tó gbẹ̀yìn kí a tó yọ sí gbangba. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti wọ aṣọ tó nípọn, kí ẹ jẹun díẹ̀, kí ẹ wá rìn jáde lọ wo Lincoln àti Lafayette. Bí ẹ kò bá rí wọn nítorí kùrukùru, bí ẹ̀fúùfù bá ń ti yín kúrò lórí ẹsẹ̀, bí ẹnì kan bá ti ń gbọ̀n, tàbí bí ó bá ti kọjá aago kan ọ̀sán, ẹ padà. Láti ibẹ̀ títí dé orí Lafayette, kò sí ọ̀nà àbùjá kankan tó sọ̀ kalẹ̀ sínú igbó.

Ohun tó ń mú kí ìpinnu yìí le ni pé ẹ ti gun 900 mítà kí ẹ tó dé ibẹ̀, àárẹ̀ ti mú yín, orí òkè sì dà bí ohun tí ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Ẹni tó wakọ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn kì í fẹ́ gbọ́ pé kí òun padà. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ fẹnu kò sórí aago ìpadà láti ìdí ọkọ̀, nígbà tí kò tíì sí ẹni tí inú ń bí, kí ẹni tó lọ́ra jù lọ sì ní àṣẹ láti sọ pé ó tó.

Bí àrá bá sán nígbà tí a wà lórí ẹ̀yìn òkè ńkọ́?

Ẹ kúrò lórí ibi gíga láìdúró. Bí ẹ bá sún mọ́ Little Haystack, ẹ padà síbẹ̀. Bí ẹ bá ti kọjá Lincoln dáadáa, ẹ máa lọ sí Lafayette kí ẹ sì sọ̀. Ẹ má ṣe kó ara jọ sábẹ́ àpáta kan ṣoṣo, kí ẹ fi àyè sáàárín ara yín, kí ẹ sì ju ọ̀pá irin ìtìlẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àrá pọ̀, ọ̀sán sì ló sábà máa ń sán. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀ yóò ti wà ní ilé ìsinmi kí ìkúùkuu tó ṣú.

Ṣé a lè ṣe ìrìn yìí nígbà yìnyín?

Àwọn kan ń ṣe é. Wọ́n ní irin eléyín tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà, wọ́n ní awò tí ń bo ojú, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń lo gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í yí òkè náà po nígbà náà. Old Bridle Path ni wọ́n ń gbà lọ, òun náà ni wọ́n sì ń gbà padà. Oṣù Kọkànlá ló ń tan àwọn tí kò mọ̀ jẹ, nítorí pé ilẹ̀ gbẹ ní Boston, nígbà tí yìnyín ti bo orí òkè, ilé ìsinmi ti tì, oòrùn sì ń wọ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Àwọn èèyàn ti kú nínú òtútù níbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà ọdún, kí olúkúlùkù ní tọ́ọ̀ṣì tí a ń so mọ́ orí, fóònù kì í ṣe tọ́ọ̀ṣì.

Bí ẹnì kan bá fara pa, ta ni yóò wá, ta ni yóò sì sanwó?

Ẹ pe 911. Àjọ New Hampshire Fish and Game ló ń darí ìgbàlà lórí òkè, pẹ̀lú àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tó ń fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ wá. Ẹ má ṣe retí hẹlikópítà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé ẹni tó fara pa sọ̀ lórí òkúta kan náà tí ẹ gùn, ó sì lè gba wákàtí púpọ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó dáa lára náà fi nílò aṣọ tí yóò fi dúró tì í.

Òfin ìpínlẹ̀ náà gbà pé kí wọ́n bu owó ìgbàlà lé ẹni tó bá jẹ́ àìbìkítà rẹ̀ ló kó o sí wàhálà, bí ẹni tó gun òkè láìmú aṣọ tàbí tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń ta káàdì kan tó ń jẹ́ Hike Safe, dọ́là 25 fún ẹnì kan, 35 fún ìdílé. Ẹni tó bá ní i kò ní san owó ìgbàlà bí ó bá jẹ́ pé àìbìkítà lásán ni, ṣùgbọ́n kò bo ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀mí wewu. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń rà á, owó rẹ̀ sì ń lọ sínú àpò tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ìgbàlà náà.